Ìyàwó Tí Wọ́n Ń Tọrọ fún Fàtáì

Ẹ sún mọ́bí, gbogbo yín. Ìwọ tó o fi ìdí kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé pátá tàbí kó o jáde pátá. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná ni ọbẹ̀ máa ń jóná, ìtàn ni wọ́n á sì dá lẹ́bi. Ẹ fi etí méjèèjì sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ fún fóònù á gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sì ń da ìlú rú. Ṣé ẹ ti jókòó? Ó dáa.

Ní Ọ̀wọ̀ níbí, lẹ́yìn ọjà, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní ilé Bàbá Fàtáì. Àbúdùlàhí lorúkọ bàbá yẹn, pánẹ́ẹ̀lì bítà ni. Mọ́tò tó bá ti forí sọ igi lójú ọ̀nà Benin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Ọkùnrin náà gbà pé kò sí ohun tó tẹ̀ láyé yìí tí òòlù ò lè nà tọ́. Hamidat ìyàwó rẹ̀, télọ̀ ni. Yàrá iwájú ilé ló ti ń rán híjáàbù àti yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí títì gan-an. Tí ewúrẹ́ bá kọjá, ó mọ ewúrẹ́ ta ni, ó mọ iṣu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Toyyibah, èyí àbúrò, ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Abdulfatai, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fàtáì, ọmọ Pólì, ọmọ tó máa ń fi ẹ̀rín kí èèyàn láti òkèèrè kó tó wá fi ẹnu kí i.

Láàárọ̀ Sátidé kan, gbogbo ilé yìí múra. Bàbá wọ léésì. Ìyá gbé gèlè tó le. Wọ́n ń wọ inú mọ́tò ni Kúlísúmù yọrí.

Kúlísúmù, onídìrí ni, abẹ́ igi máńgòrò tó wà ní òdìkejì títì ló ti ń dirun. Irun ló ń fọwọ́ ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sí lórí irun.

"Ìyá Fàtáì, ẹ kú ìmúra o. Ibo lẹ ń gbé gèlè yìí lọ? Àbí wọ́n ti fi Bàbá Fàtáì joyè tí wọn ò sọ fún wa?"

Hamidat ò mú ìdáhùn dání. Ẹ mọ̀ pé ẹnu ìyá ọmọ kì í dúró de orí. Ó ní, "À ń lọ rí àwọn àna wa ni. A fẹ́ tọrọ ìyàwó fún Fàtáì."

Bí wọ́n ṣe bí ìyàwó yẹn nìyẹn, lójú títì, ní Sátidé, láìsí agbẹ̀bí. Kó tó di Sátidé kejì, ó ti ní ara. Ẹnì kan ní nọ́ọ̀sì ni, ní Ifon. Ẹnì kan ní rárá, tíṣà ni, ó sì pupa. Ìyá ẹléwé tilẹ̀ búra pé òun ti rí i níbi ìsìnkú kan, ó kúnlẹ̀ kí òun dáadáa. Ará Ọ̀wọ̀ kì í ṣahun. Ìyàwó tí kò sí, wọn ò ní jẹ́ kó rìn níhòòhò.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìdílé yìí ń lọ, kò sí àna níbẹ̀. Yàrá méjì kan ni, lẹ́yìn ilé epo, lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́. Àǹtí Theresa ló wà níbẹ̀, kánsẹ́lọ̀ ni. Ọmọ tí oògùn bá ti gbé mì, tọkọtaya tó bá ti di pé ọmọ ni wọ́n ń rán síra wọn nínú ilé kan náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn wá. Kì í gún abẹ́rẹ́, kì í fúnni ní àgbo. Á kó gbogbo yín jókòó yípo, á ní kí ẹ wá sọ ọ́ sójú ara yín, èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ lẹ́yìn ara yín. Ẹ rò pé ó rọrùn? Ẹ dán an wò lálẹ́ òní.

Fàtáì ni wọ́n torí ẹ̀ lọ. Ní Pólì, nígbà ìdánwò, ọ̀rẹ́ kan fún un ní tírámádọ̀ pé kó má bàa sùn. Kò sùn lóòótọ́. Lẹ́yìn ìdánwò, kò lè sùn mọ́ láìsí i, kò sì lè jí láìsí i. Látibẹ̀ ó bọ́ sórí kolorádò, èyí tí wọ́n ń fín sórí ewé, tí èèyàn á fà tán tí á dúró sójú kan bí òpó iná. Bó ṣe dúró lọ́jọ́ kan nìyẹn lórí títì, mọ́tò ń fun fèrè, àwọn ọmọdé ń ṣẹ̀fẹ̀, itọ́ ń ṣàn. Hamidat ló sáré lọ fà á wálé, ó ní ibà ni. Nígbà tí Fàtáì gbé orí maṣíìnì ìyá rẹ̀ lọ tà, ìyá ní olè ni. Kò parọ́ síbẹ̀, ẹ ò rí i? Kò kàn sọ olè wo ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Theresa, ẹ̀rín pọ̀. Ìdí tí Bàbá Fàtáì fi gbà láti lọ ni pé nígbà tó pè é lórí fóònù, Yorùbá obìnrin náà mọ́ tónítóní bí ti oníròyìn Ìbàdàn. Ó ní, "Àjèjì ni. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbí, kò ní rí ẹni sọ fún." Wọ́n débẹ̀, gbogbo wọn gbé Yorùbá àlejò wọ̀ bí aṣọ ọdún, "ẹ jọ̀wọ́ mà", "a dúpẹ́ mà", títí Toyyibah fi ń fi híjáàbù bo ẹ̀rín. Àǹtí Theresa gbọ́ wọn tán. Ó wá dá wọn lóhùn ní èdè Ọ̀wọ̀ tó jinlẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ń sọ nídìí ààrò. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, bàbá rẹ̀ sì ti gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ Bàbá Fàtáì rí.

Bàbá Fàtáì dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ jókòó, Dádì," ni Àǹtí Theresa wí. "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ níbí, ibí ló máa sùn. Ṣé ẹ̀yin náà ò tíì rí nǹkan rí nínú búùtù mọ́tò àwọn èèyàn?"

Bàbá Fàtáì rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó jókòó.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá, bàbá ń sọ pé "Ẹ bá mi sọ fún un kó jáwọ́," Àǹtí Theresa ń sọ pé "Òun nìyí níwájú yín, ẹ sọ fún un." Àfìgbà tí Fàtáì gan-an wá la ẹnu. Kò fi Yorùbá àlejò sọ ọ́. Èdè ilé ló fi sọ ọ́, ó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, lọ́jọ́ tí mo wọ Pólì, gbogbo oníbàárà yín lẹ sọ fún. Lọ́jọ́ tí mo fìdí rẹmi, tí mo ní kári-ófà, ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí iléyá fi kọjá. Mo máa ń kí yín láàárọ̀, ẹ máa ń kí mọ́tò. Nǹkan tí mò ń fà yẹn, tí mo bá fà á, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń bá mi sọ̀rọ̀."

Bàbá Fàtáì ṣí fìlà lórí. Ó fi fìlà nu ojú. Ó ní eruku pọ̀ nínú yàrá yẹn. Eruku kankan ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Àǹtí Theresa kọjú sí Hamidat.

"Mọ̀mí, tó bá ti mu ún tó sì wálé, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń ṣílẹ̀kùn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo máa ń bu oúnjẹ fún un."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo máa ń sunkún."

"Fàtáì, tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí ni ìwọ máa ń rò?"

Fàtáì ní, "Mo máa ń rò ó pé kò tíì burú." Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ má ṣí i fún mi mọ́. Tí mo bá ti mu ún, ẹ má ṣí i. N ó sunkún, n ó bẹ̀ yín, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ojú mi wálẹ̀ níta."

Bí wọ́n ṣe fi òfin lélẹ̀ nìyẹn, ọmọ fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Àǹtí Theresa gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n gbọ́ apá kejì dáadáa, torí apá kejì ni ẹ̀mí wà. Ó ní ẹni tó bá tilẹ̀kùn kì í dá a tì. Ẹnì kan á wà nínú ilé, ẹlòmíràn á wà níta pẹ̀lú ọmọ, á jókòó tì í, á máa pe orúkọ rẹ̀, á máa wo èémí rẹ̀. Bí kò bá ti lè dáhùn orúkọ mọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ti parí, ọsibítù ló kù.

"Dádì máa ń wà níbi iṣẹ́, Toyyibah wà nílé-ìwé," ló wí. "Aládùúgbò wo lẹ fọkàn tán?"

Tọkọtaya wo ara wọn. Kí wọ́n sọ fún aládùúgbò? Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń mọ ohun tó o fẹ́ sè kó o tó dá iná? Hamidat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kúlísúmù wà níwájú ilé. Màá sọ fún un lónìí."

Kó tó jẹ́ kí wọ́n lọ, Àǹtí Theresa ní kí wọ́n ṣe é wò. Ó ní kí Bàbá ṣe bí Fàtáì. Àwọn èèyàn mi, ẹ ò rí Bàbá Fàtáì. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá tábìlì. "Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn, ebi ń pa mí." Hamidat ní, "Kí lẹ fẹ́ jẹ?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún fẹ́ ṣí i. Wọ́n tún un ṣe títí ohùn rẹ̀ fi dúró, tó fi lè sọ ọ́ láìmi: "Abdulfatai, mo fẹ́ràn rẹ. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí títí ojú rẹ á fi wálẹ̀." Fàtáì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hamidat sọdá títì. Ọ̀rọ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ti kó o jọ láti ojú ọ̀nà Ìkàrẹ́, ó ń pọ́n ọn bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ. Kúlísúmù ń gbálẹ̀ ibi iṣẹ́, ó rí i, ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Orí ló gbé yín wá. Mo fẹ́ wá bá yín ni. Ẹ dúró."

Ó wọlé, ó gbé nǹkan jáde nínú ọ̀rá. Kúlà oúnjẹ ni, èyí olódòdó, tuntun.

"Ti ìyàwó wa ni. Ẹ má bá mi rojọ́, Ìyá Fàtáì. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi ń ṣàìsàn, Fàtáì ló gbé e sẹ́yìn sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ bá mi gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ẹ ní ìyá rẹ̀ kejì ló rà á."

Níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, ẹ lè máa sọ pé ẹ̀yin ì bá ti sọ òótọ́. Ó rọrùn láti orí àga. Hamidat wo kúlà, ó wo ojú Kúlísúmù tó ń dán bí ojú ẹni tó jẹ àjẹyó. Ó ní, "Àlùbáríkà ni o." Ó gbé kúlà lọ sílé, ó tì í sábẹ́ tábìlì maṣíìnì, ó fi aṣọ bò ó.

Ní Sátidé kejì Àǹtí Theresa bi í pé, "Ẹ ti sọ fún un?"

Ó ní, "Mo ti sọ."

Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé kò sọ, ó tẹrí ba. Ojú ń ti òun náà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn, kó má jẹ́ pé ìbànújẹ́ nìkan la pe ara wa wá jẹ. Fàtáì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú un kúrò láàárín àwọn tó ń bá a fà á, wọ́n ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ Raheem, àbúrò bàbá rẹ̀, ní Emure-Ile, kó máa bá a ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà wá. Á ti Emure wálé ní Jimọ, á kírun, á sùn mọ́jú Sátidé, wọ́n á jọ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Theresa. Kúlísúmù ní iṣu ìdána ló lọ gbìn. Ó ní ọkọ ìyàwó tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbin iṣu ìdána, ìyàwó ò ní kọ̀ ọ́.

Fàtáì gan-an ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ìyá rẹ̀, á máa bá a tú òwú.

"Màámi, ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ó ń bínú sí ẹ. O ò pè é."

"Ṣé ó dúdú àbí ó pupa?"

"Ó dúdú lọ́dọ̀ Ìyá Ẹléwé, ó pupa lọ́dọ̀ Kúlísúmù."

"Méjì lẹ fẹ́ fún mi nígbà yẹn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omijé á fi jáde lójú ìyá. Ṣùgbọ́n ní Jimọ kan, bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín tán, ó tú òwú lọ díẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ sọ fún Kúlísúmù. Ojú ò ti èmi mọ́. Ẹ̀yin ni ojú kù tó ń tì."

Hamidat ní, "Màá sọ. Jẹ́ kí oṣù yìí jáde."

Oṣù jáde. Òmíràn wọlé.

Ọjọ́bọ̀ ni. Oòrùn mú. Bàbá Fàtáì lọ sí Ifon lọ wo lọ́rì kan tó forí wọ kòtò, Toyyibah wà nílé-ìwé. Hamidat kírun Àìlà tán, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ni ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé. Fàtáì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ sì ni, kì í ṣe Jimọ.

Ọlọ́kadà ní láti fọwọ́ dì í mú kó tó sọ̀kalẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ gba ọmọ yín o. Láti Emure ló ti ń sùn lé mi lẹ́yìn. Ẹ sọ fún un kó yéé mutí ọ̀sán." Ó yí ọ̀kadà padà, ó lọ.

Hamidat wò ó láti ojú fèrèsé. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wó lulẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti já. Itọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síbì kan, ara rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ó mọ ọ́n. Ìyá wo ni ò ní mọ ọ́n? Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ orí títì, bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tó ṣubú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Toyyibah yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má bàa pa á.  Gbogbo oko yẹn, gbogbo Sátidé yẹn, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó padà wá yẹn. Ó dìde, ó ti ìkọ́ ilẹ̀kùn bọ inú ihò rẹ̀.

"Màámi." Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ahọ́n rẹ̀ kún ẹnu. "Màámi, ẹ ṣí i."

Ọwọ́ Hamidat wà lára ìkọ́. Ó rántí tábìlì Àǹtí Theresa, ó rántí bí ọmọ yìí ṣe pàtẹ́wọ́ fún òun.

"Abdulfatai, mo fẹ́ràn rẹ," ló wí. "Ilẹ̀kùn ò ní ṣí títí ojú rẹ á fi wálẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ò mì. Ó sọ ọ́ dáadáa. Bí Àǹtí Theresa bá wà níbẹ̀, ì bá yìn ín, ì bá sì bi í pé ta ló wà níta.

Fàtáì lu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sì fà wálẹ̀ lára pákó. Ó jókòó. Ó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń já sọ́nà. Ìyá rẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn níhà ọ̀hún, ó fi ìbòrí di etí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ti ní kó má dá òun lóhùn.

Kúlísúmù sọdá títì wá, irun onírun ṣì wà ní ìdajì lórí ẹni tó fi sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò.

"Ìyá Fàtáì, ṣé ẹ ò sí nílé ni? Ọkọ ìyàwó mà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Hamidat dé ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tún wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kò ju gbólóhùn kan lọ. *Jókòó tì í bá mi, máa pe orúkọ rẹ̀.* Ó wo ẹni tó wà lábẹ́ máńgòrò, tó na ọrùn síhìn-ín. Ó wo Ìyá Ẹléwé tó ti dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú igbá.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Inú ló ń bí i. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn náà ni. A ní kó ní sùúrù, ó ní òun ò ní."

Kúlísúmù bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàtáì. "Ọkọ ìyàwó, ṣé báyìí ni ìfẹ́ ń ṣe ẹ́? Ìwọ nìkan kọ́ o. Bàbá Ìdírísù, ọkọ tèmi náà, ọjọ́ tí bàbá mi ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, orí ilẹ̀ ló bá sùn." Ó já píọ̀ wọ́tà, ó fi sí i lẹ́nu. Omi náà wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde. "Ẹ wò ó, kò lè gbé omi mì. Ìyá Fàtáì, ẹ tètè lọ gbé ìyàwó yìí wá, kó má pa á sí wa lọ́rùn." Ó fi aṣọ nu àyà rẹ̀, ó fà á sínú òjìji ògiri kí oòrùn má pa á, ó padà sídìí irun, ó sì ròyìn rẹ̀ fún onírun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀.

Nínú ilé, Hamidat ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ń fà bí ayùn tó kú. Nígbà tó ṣe, ariwo èémí yẹn dínkù. Nígbà tó tún ṣe, ilẹ̀ dákẹ́. Ó ní, alihamudulilahi, oorun ti gbé e, ojú rẹ̀ ń wálẹ̀. Ó kúrò nídìí ilẹ̀kùn, ó fọ ìrẹsì, ó gbé e kaná, kó lè jẹ ẹ́ tó bá jí. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìbàjẹ́ yẹn, ohun kékeré kan wà tó ń yan fanda: òun ṣe é. Òun tí gbogbo wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bi ọ̀mùtí pé kí ló fẹ́ jẹ, òun tilẹ̀kùn, òun ò sì ṣí i.

Ohùn lásán ni wọ́n fi ń pe ìrun Alásárì, torí gbohùngbohùn mọ́sálásí ti bàjẹ́.  Ìgbà yẹn ni mọ́tò Bàbá Fàtáì dé. Hamidat gbọ́ tó pa á. Ó gbọ́ tó ní, "Fàtáì." Ó gbọ́ tó tún ní, "Fàtáì." Ó gbọ́ bó ṣe pe odindi orúkọ, Abdulfatai ọmọ Àbúdùlàhí, bí ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Kò gbọ́ ẹni tó dáhùn.

Ó yọ ìkọ́. Ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ náà sì bá a wọlé, ẹ̀yìn ló fi wọ ilé ìyá rẹ̀.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Kúlísúmù wà lẹ́yìn mọ́tò, orí Fàtáì wà ní itan rẹ̀, ó ń nu ojú rẹ̀ láìdákẹ́, ó ń bi wọ́n pé kí ló ń ṣe é, kí ló ń ṣe é. Dókítà kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tẹ́ Fàtáì sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tan iná sí i lójú, ó tẹ àyà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì pa iná kékeré yẹn.

Bàbá Fàtáì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń jókòó.

Hamidat ni kò jókòó. Lójú gbogbo èèyàn, lójú nọ́ọ̀sì, lójú àwọn aláìsàn, lójú Kúlísúmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

"Kolorádò ni, dókítà. Kolorádò àti tírámádọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́. Ọ̀dọ̀ kánsẹ́lọ̀ la ń gbé e lọ ní gbogbo Sátidé. Kò sí àna kankan, Kúlísúmù. Kò sí ìyàwó. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ, kí o bá mi jókòó tì í, ojú tì mí. Ó ti fi í sílẹ̀, dókítà, ó ti fi í sílẹ̀ tán, n ò mọ ẹni tó tún fún un lónìí. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń wó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má ṣí i. Òfin ni mo tẹ̀lé. Oògùn yẹn ló pa á, àbí, dókítà? Oògùn yẹn ni?"

Kúlísúmù ti fọwọ́ bo ẹnu.  Dókítà lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo nǹkan kan lára ẹsẹ̀ òsì, ó ká ṣòkòtò oko yẹn sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "kì í ṣe oògùn, ejò ló ṣán an."